Ọmọ Mọ̀nàmọ́ná Orí Gọ́ọ̀mù Eku: Bí A Ṣe Ń Gba Ejò Là àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Á Tú U Sí

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́sìn adìyẹ àti àwọn ọmọ iléèwé, ní Èrúwà, ilẹ̀ Ìbàràpá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́sìn adìyẹ tí ẹ pe ìpàdé yìí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú níbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, kí ìbà mi ṣẹ.

Nígbà tí alága yín wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ejò, nítorí pé ejò kò jẹ́ kí ọkàn àwọn ọlọ́sìn balẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n bóyá bí a ṣe ń pa á ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, tàbí bí a ṣe ń bá a gbé. Wọ́n ní ohun tí mo bá mọ̀ ni kí n wá sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń gbà á là nígbà tí ó bá há, bí a ṣe ń tú u sílẹ̀, àti ibi tí a ti ń tú u sílẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń tú u sílẹ̀, ni èèyàn púpọ̀ kì í kà sí, èmi fúnra mi kò sì kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ohun tí mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù

Ní oṣù Kẹrin ọdún tí ó kọjá, ní ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ adìyẹ nítòsí ilé mi rán ọmọkùnrin tí ó ń bá wọn ru àpò sí mi ní kùtùkùtù. Ọmọ náà sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ sà. Màmá ní kí ẹ máa bọ̀ kíákíá, pé ejò kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè lọ." Ọ̀rọ̀ tí ó fi kádìí i yẹn, pé ejò náà kò lè lọ, ni ó gbé mi dìde nídìí oúnjẹ. Ejò tí ó bá rí ọ̀nà kì í dúró de èèyàn. Èyí tí ó bá dúró, nǹkan kan ni ó mú un.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, èèyàn bí mẹ́wàá ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan mú igi, ọ̀kan mú àdá, ẹnì kan sì ti lọ gbé ìgò kẹrosíìnì wá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè kí n wo ohun tí ó wà níbẹ̀ ná. Èmi náà kò sì kù gììrì wọlé. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì wò ó títí tí ó fi dá mi lójú ohun tí mò ń wò.

Lẹ́yìn àwọn àpò oúnjẹ adìyẹ, pátákó gọ́ọ̀mù eku kan wà nílẹ̀, irú èyí tí a ń rà lọ́jà tí a máa ń ṣí bí ẹni ṣí ìwé. Eku kékeré kan ti lẹ̀ mọ́ ọn láti òru, ó sì ti kú. Eku yẹn ni ejò náà ń tẹ̀ lé. Ìdajì ara rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ti kàn án pinpin, orí rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù eku náà gan-an. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí igi tí iná jó, àwọn àmì ràbàtà-ràbàtà tí ó rí bí ẹ̀pà sísun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, abẹ́ inú rẹ̀ sì funfun. Kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ṣónṣó ìka mi lọ. Ibi tí gọ́ọ̀mù kò tíì mú lára rẹ̀ ni ó ń ká jọ, tí ó ń tú, tí ó tún ń ká jọ.

Mọ̀nàmọ́ná ni, ọmọ tí kò tíì pẹ́ tí ó jáde láti inú ẹyin. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ní Python regius, èyí tí ó túmọ̀ sí erè ti ọba. Kò ní oró rárá. Àgbà rẹ̀ pàápàá kì í sábà gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í lé èèyàn. Ńṣe ni ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí òṣùká, tí yóò sì fi orí rẹ̀ pamọ́ sí àárín. Ohun tí ejò kékeré yìí sì ń gbìyànjú láti ṣe nìyẹn láti òru, tí gọ́ọ̀mù kò jẹ́.

Ìyá náà sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á. Bí ó bá dàgbà, adìyẹ mi ni yóò máa gbé mì." Mo ní, "Màmá, mo gbọ́ yín. Ẹ fún mi ní wákàtí kan péré, kí ẹ sì bá mi wá òróró díẹ̀."

Kí n tó sọ ohun tí a fi òróró náà ṣe, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá yìí, nítorí pé àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹ̀rù ejò, àti ohun tí àwọn àgbà mọ̀

Ǹjẹ́ ó yẹ kí á bẹ̀rù ejò? Ó yẹ, ó yẹ gidigidi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láàárín ẹgbẹ̀rún 81 sí ẹgbẹ̀rún 138 èèyàn ni oró ejò ń pa kárí ayé lọ́dọọdún, àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán kó koríko, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ojú ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún 2017 ni àjọ náà tó fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Ní òkè ọya, ní Gombe àti agbègbè rẹ̀, ilé ìwòsàn Kaltungo gbajúmọ̀ nítorí àwọn tí ejò bù jẹ tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọká wà, paramọ́lẹ̀ wà, ṣèbé tí ń tutọ́ oró síni lójú wà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ẹ̀kòló, yóò sá. Èmi kò ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo òwe mìíràn tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ìṣọ̀kan ni a máa ń fi òwe yìí wàásù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ejò mẹ́ta ni àwọn àgbà pè, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ ọká yàtọ̀ sí paramọ́lẹ̀, wọ́n mọ paramọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òjòlá. Wọ́n mọ èyí tí ó ní oró, wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ pé fífún ni ó ń fún ẹran pa. Nígbà wo wá ni gbogbo wọn di "ejò" lásán lẹ́nu tiwa? Nígbà wo ni a gbàgbé orúkọ, tí ó wá ku igi àti àdá nìkan lọ́wọ́ wa?

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Kí ejò kéré kò sọ ọ́ di aláìléwu. Ọmọ ọká tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé lónìí ní oró lẹ́nu. Nítorí náà, ejò tí orúkọ rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ì báà há, ì báà dákú, ì báà dà bí òkú. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ kó àwọn ọmọdé àti ajá kúrò nítòsí, kí ẹnì kan máa fi ojú ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kí ẹlòmíràn sì lọ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Fásitì Ìbàdàn ní ọgbà ẹranko láti ọdún 1948, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta náà ní àwọn olùkọ́ tí ìmọ̀ ẹranko igbó jẹ́ iṣẹ́ wọn. Kò sì sí ìlú kan ní Ìbàràpá tí kò ní ọdẹ àgbà tí ó mọ ejò lórúkọ.

Bí ejò bá sì bu èèyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú rẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò lára ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kí ó tó wú, ẹ má jẹ́ kí ó máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Bí ṣèbé bá tutọ́ síni lójú, omi tí ó mọ́ ni kí á fi ṣàn án lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo ti sọ èyí, n kò ní tún un sọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ihò

Ẹ̀yin ọlọ́sìn, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ta ni ó ń ya àpò oúnjẹ adìyẹ yín? Ta ni ó ń gbé ẹyin lọ lóru? Ta ni ó ń tọ̀ sínú omi tí adìyẹ ń mu? Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí: eku ni. Eku náà ni ejò yẹn tẹ̀ lé wọ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti wo ohun tí mọ̀nàmọ́ná ń jẹ ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké máa ń jẹ ẹyẹ, pàápàá àwọn ọmọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti tóbi, eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ wọn. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: àgbà mọ̀nàmọ́ná tí ó bá ráyè wọ ilé adìyẹ lè gbé òròmọdìyẹ. Ohun tí a ó ṣe sí èyí ni kí á fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tí ojú rẹ̀ kéré bo fèrèsé àti ẹsẹ̀ ògiri, kí á dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn, kí á sì máa gbá oúnjẹ tí ó bá dà sílẹ̀ kí eku má baà rí nǹkan jẹ. Níbi tí eku kò bá sí, ejò kò ní ohun tí ó fẹ́ wá ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí eku ń kó wọ ilé wa yàtọ̀ sí àdánù. Àìsàn ibà Lassa, tí ó gba orúkọ lára ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ọ̀dọ̀ eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀ ni ó ti ń wá, nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù, àwọn dókítà tí wọ́n wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti bá a jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eku ọlọ́mú púpọ̀ yẹn wà lára ohun tí mọ̀nàmọ́ná ń jẹ. N kò sọ pé ejò ni yóò ṣẹ́gun Lassa fún wa o. Ìmọ́tótó, oúnjẹ tí a bò dáadáa àti ìtọ́jú kíákíá ni yóò ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé ológbò kò lè wọ inú ihò lọ bá eku. Ejò lè wọ̀ ọ́. Ó ń wọ inú ihò tí eku bímọ sí, ní òru, nígbà tí gbogbo wa ti sùn, kò sì béèrè owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bí. Eku yóò bímọ, kò ní pẹ́ tí yóò tún bí. Mọ̀nàmọ́ná kì í yé ju ẹyin mẹ́ta sí mọ́kànlá lọ, kì í sì í ṣe ọdọọdún ni ó máa ń yé. Bí ó bá yé wọn tán, yóò ká ara rẹ̀ mọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù méjì, kò ní jẹun, títí wọn yóò fi pa. Ejò kékeré tí mo bá lórí gọ́ọ̀mù yẹn, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dúró lé e lórí.

Òróró, láfún àti sùúrù

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n gbé kẹrosíìnì kúrò níbẹ̀. Lóòótọ́, kẹrosíìnì lè tú gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n yóò bó ara ejò náà. Ẹnì kan ń lọ mú igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ti ń dùn tó. Bí a kò bá lè da kẹrosíìnì sí ojú egbò tiwa, kí ni a ń gbé e bọ̀ fún?

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé pátákó náà kúrò lára ibi tí eku wà, kí ó lè ku ìwọ̀n tí ara ejò nìkan dùbúlẹ̀ lé. Mo fọ́n láfún sí ojú gọ́ọ̀mù tí ó ṣí sílẹ̀, kí ibi tí a bá tú má baà tún lẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo fi òwú bọ òróró, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ìrù, mò ń kán an sí etí ibi tí ara rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù ti pàdé, mò ń dúró, mo tún ń kán an. A kì í fà á. Bí a bá fà á, awọ rẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù sórí pátákó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni a fi ń tú ejò.

Ọmọkùnrin tí wọ́n rán sí mi ni ó ń bá mi mú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, apá rẹ̀ na gbọọrọ, ó fi ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná tọ́ọ̀ṣì náà sì ń gbọ̀n lára ògiri. Nígbà tí ó fi máa tó ìdajì wákàtí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ni ó sì ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, ìpẹ́ kan tún ti ṣí níbí." Òótọ́ ni. Ẹ ó rí i bí òróró náà ṣe ń yọ́ wọ abẹ́ ìpẹ́, tí ọ̀kan yóò gbéra, tí èkejì yóò tẹ̀ lé e, títí tí ìwọ̀n ìka kan yóò fi bọ́ lómìnira, tí ejò náà yóò sì ká ìwọ̀n ìka kan yẹn jọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àgbọ̀n ni ó le jù. Mo fi aṣọ tí ó tutù bo ẹ̀yìn orí rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí òróró dé ihò imú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ẹnu rẹ̀ há. Bí àgbọ̀n yẹn ṣe bọ́, ahọ́n náà yọ. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó là sí méjì ní ṣónṣó. Ó kan etí ìbọ̀wọ́ mi, ó wọlé, ó tún yọ. Ìpẹ́ méjì péré ni ó sọnù lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀ òkè ni a ti wá rí àwọn ihò wínníwínní tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí ó fi ń mọ ooru ara eku nínú òkùnkùn. Mo ní kí ọmọ náà wò ó dáadáa, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó má tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ òróró kúrò lára rẹ̀, a fi omi lásán ṣàn án. A gbé e sínú garawa tí a tẹ́ aṣọ sí, tí a lu ìdérí rẹ̀ ní ihò, a gbé àwo omi kékeré sí i, a sì gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí oòrùn kò dé. A kò fún un ní oúnjẹ. Ejò tí ẹ̀rù bà kì í jẹun, ebi ọjọ́ kan kò sì lè pa á. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, ìyá náà kò sì lé wa.

Àṣìṣe méjì tí mo ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, apá yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi gbé mọ̀nàmọ́ná kan wá láti oko, mo sì yọ̀. Mo fi í sínú àpótí onígíláàsì, mo gbé e sí yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Mo gbàgbọ́ pé mo ti gbà á là lọ́wọ́ àdá. A fún un ní eku, kò jẹ ẹ́. A tún fún un, kò jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Àwọn ọmọ ń kan gíláàsì lójoojúmọ́, ó ń fi orí pamọ́ lójoojúmọ́. Ó kú kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí. Mo sin ín sẹ́yìn kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ẹni tí ó gbé e kúrò lẹ́nu àdá náà ni ó sé e mọ́lé títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tún rí òmíràn nínú ilé ìgbẹ́ kan. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, mo gbé e lọ jìnnà réré sínú igbó tí kò sí ilé kankan, mo tú u sílẹ̀, mo sì padà wá pẹ̀lú ayọ̀. Ìgbà tí mo wá ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé ohun tí mo ṣe kò dára tó bí mo ṣe rò. Àwọn tí wọ́n ti ṣọ́ ejò tí a gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn rí i pé ńṣe ni ó máa ń rìn kiri láìdúró, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tètè kú. Kí ni ó fà á? Ejò ní ilé, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Ó mọ ihò tí ó ń wọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó mọ ibi tí omi wà, ó mọ ọ̀nà eku. Mo ti gbé tèmi lọ sí ibi tí kò mọ ihò kan, tí kò mọ odò kan, tí ó sì gbọ́dọ̀ máa rìn ní gbangba lójú àṣá àti èèyàn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ibi tí a ti rí i, tàbí ìtòsí rẹ̀ tí ó ní ibi ààbò, ni kí á dá a padà sí. Bí ẹ kò bá lè tú u sí abẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ tú u sí ẹ̀yìnkùlé tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n igba ìṣísẹ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á, tàbí kí ó rà á lọ́wọ́ ọdẹ kí ó lè fi ṣe àánú. Owó tí ẹ bá san lónìí ni yóò rán ọdẹ náà padà sínú igbó lọ́la. Láti orílẹ̀-èdè Benin, Togo àti Ghana, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa nínú mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n ti kó lọ láàyè sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fún àwọn tí ń sìn wọ́n nínú ilé, lọ́dún 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó lè run, sì kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ti ń súnmọ́ ewu. Ní Benin kan náà yìí, ní ìlú Ouidah, tẹ́ńpìlì kan wà tí mọ̀nàmọ́ná ń gbé, ó sì dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Bí àwọn ejò náà bá jáde lóru lọ wá oúnjẹ, tí ọ̀kan bá yà sí ilé èèyàn, àwọn ará ilé kì í pa á. Wọn yóò gbé e dání jẹ́jẹ́, wọn yóò sì dá a padà. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìlú tí ó kún fún èèyàn, ọjà, ọ̀kadà àti ọmọdé ń bá ejò yìí gbé, kò sì di ogun. Kì í sì í ṣe òní ni àwa Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn baba wa tí wọ́n ń bọ Òṣùmàrè rí erè àti òṣùmàrè ojú ọ̀run bí ohun kan náà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil sì gbé ìyẹn dání débẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Oxumarê di òní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

A dúró di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, tí àṣá ti lọ sùn. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, oko ẹ̀gẹ́ kan wà tí olóko ti pa tì, ògán àtijọ́ kan wà ní àárín rẹ̀, ihò òkété tí kò ní òkété mọ́ sì wà lẹ́sẹ̀ ògán náà. Ọmọkùnrin náà ni ó gbé garawa. Ìyá náà ní àwọn kò ní lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé wọ́n ti ń tẹ̀ lé wa bọ̀, wọ́n ká ìró wọn sókè nítorí ìrì.

Mo dẹ garawa náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, mo ṣí ìdérí rẹ̀, a sì sún sẹ́yìn. Ó ti ká jọ róbótó sínú aṣọ, lọ́nà tí gọ́ọ̀mù kò jẹ́ kí ó ká láti òru. Kò mira. A dúró. Ẹ̀fọn ń jẹ wá. Ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá náà fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí orí kékeré yẹn tó yọ láti àárín, kí ahọ́n tó jáde, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, léraléra. Lẹ́yìn náà ó tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, ó sì dúró níbẹ̀.

Ọmọ náà fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí pé, "Tíṣà, ṣé yóò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù?" Mo ní, "Bí eku bá ṣì wà níbẹ̀, ó lè padà wá." Ìyá náà gbọ́ ọ, wọn kò sì fèsì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ra àgbá onídẹ̀rí mẹ́ta tí wọ́n ń da oúnjẹ adìyẹ sí, wọ́n fi símẹ́ǹtì dí abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi pàkúté oníwáyà rọ́pò gọ́ọ̀mù, irú pàkúté tí ohun tí kò yẹ kó mú ṣeé ṣí sílẹ̀ fún.

Ní ti ejò náà, ó na ara rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ògán, ó fi imú kan ẹnu ihò, ó dúró bí ẹni ń fetí sílẹ̀, ó sì wọlé. Ìrù rẹ̀ ni a rí kẹ́yìn, tí òróró díẹ̀ tí a kò fọ̀ tán ṣì ń dán lára rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo ti ṣetán.